"Aláìníwèé-àṣẹ" kì í ṣe arúfin: Àyẹ̀wò èdè tí a fi ń sọ òfin ìgbì rédíò ní Bantè àti Savalou

Òfin ìgbì rédíò pín àwọn tó ń lo ìgbì sí ìsọ̀rí méjì. Àwọn kan gba ìwé àṣẹ lórí ìkànnì kan pàtó. Àwọn mìíràn ń lo apá ìgbì tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, láìjẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ béèrè ìwé. Ilé iṣẹ́ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lórí FM ní Savalou wà ní ìsọ̀rí kìíní. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ Wi-Fi sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bantè wà ní ìsọ̀rí kejì. Ìyàtọ̀ náà kò le lójú onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sí wa lẹ́nu ń ṣe àṣìṣe méjì tó takora: wọ́n ń sọ ẹni tí kò rú òfin di arúfin, wọ́n sì ń fún ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ tí òfin kò fún un.

1. Ohun tí òfin sọ

Kí a tó ṣe lámèyítọ́ èdè, ó yẹ kí a mọ ohun tí èdè náà ń gbé. Ìwé ìlànà rédíò àjọ ITU sọ nínú abala 18 pé aládàáni tàbí ilé iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń ta ìgbì jáde kalẹ̀ láìní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìwé ìlànà yìí kan náà ya àwọn apá ìgbì kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ti ìṣègùn. Ọ̀kan nínú wọn wà láàárín 2400 àti 2500 MHz, níbi tí ẹ̀rọ ìgbóúnjẹ onígbì àti Wi-Fi ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó sọ pé ẹni tó bá ń fi rédíò bánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fara da ìdíwọ́ tó bá ti ara àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wá.

Báwo wá ni a ṣe ń lo Wi-Fi láìní ìwé, tí abala 18 sì wà níbẹ̀? Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà ni pé ìjọba fún gbogbo ènìyàn láṣẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìlànà gbogboogbò, ó sì so àdéhùn mọ́ ọn: agbára ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n kan, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bá ìlànà mu. Nítorí náà, àṣẹ wà. Ohun tí kò sí ni ìwé tí a kọ orúkọ ẹnì kan sí.

Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 97-010 ti oṣù kẹjọ ọdún 1997 ló ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aládàáni. Àjọ HAAC ló ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Òfin 2017-20 ti ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, ló ń darí àwọn ìbánisọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ yòókù, ARCEP sì ni alábòójútó wọn. MTN, Moov àti Celtiis ń lo ìgbì tí a fi ìwé àṣẹ pín fún wọn. Ṣáájú àwọn òfin wọ̀nyí, ní ọdún 1994, rédíò ìgbèríko ti bẹ̀rẹ̀ ní Ouèssè, ní ẹkùn Collines kan náà tí Bantè àti Savalou wà. Ó ti pẹ́ tí rédíò ti ń sọ èdè àwọn ará ẹkùn yìí. Òfin tó ń darí rédíò ni kò tíì sọ èdè wọn.

2. Láìníwèé, ọ̀fẹ́, òmìnira

Ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá lè gbà pe ìgbì tí kò béèrè ìwé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní àbùkù.

Èyí àkọ́kọ́ tẹ̀lé èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fi ohun tí kò sí pe nǹkan: "ìgbì aláìníwèé-àṣẹ". Ní Yorùbá, "aláìní" kì í kàn sọ pé nǹkan kò sí. Ó tún ń sọ pé ó yẹ kí ó wà. Ẹni tí a bá pè ní aláìníwèé-àṣẹ dà bí awakọ̀ tí ọlọ́pàá dá dúró tí kò rí ìwé fi hàn. Ní Savalou, ohun tí kò níwèé máa ń mú kí ènìyàn rántí kpayo, epo inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà: gbogbo ènìyàn ń rà á, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé òfin kò fọwọ́ sí i. Wi-Fi kì í ṣe kpayo.

Ọ̀nà kejì àti ìkẹta tẹ̀lé èdè Faransé. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ilẹ̀ Faransé sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé kalẹ̀ *librement*. Nínú òfin ECOWAS ti oṣù kìíní ọdún 2007 lórí ìwé àṣẹ, *libre* ni orúkọ ìsọ̀rí ìkẹyìn, lẹ́yìn *licence*, *autorisation* àti *déclaration*. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ọ̀fẹ́", owó ni olùgbọ́ máa rò. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "òmìnira", yóò rò pé kò sẹ́ni tó lè bi òun léèrè. Ẹni tó gbọ́ "aláìníwèé-àṣẹ" lè pa ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, tàbí kí ó sanwó fún ẹlẹ́tàn tó ní òun máa bá a gba ìwé tí kò sí. Ẹni tó gbọ́ "òmìnira" lè ra èrìàlì ńlá, kí ó sì fi agbára tó kọjá ìwọ̀n ta ìgbì kọjá ìlú. Ìkejì yìí ti rú òfin. Ìkíní kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nítorí pé ibì kan wà tí àìgbàṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gan-an. Ní oṣù keje ọdún 2020, HAAC pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba àṣẹ ṣíwọ́ iṣẹ́. Àwọn yẹn kò ta ìgbì kankan jáde, síbẹ̀ àìgbàṣẹ kó wọn sí wàhálà. Wi-Fi ń ta ìgbì jáde lójoojúmọ́, àìgbàwé rẹ̀ kò sì léwu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "láìgbàṣẹ", ń bo ohun méjì tó takora. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn ní Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń sọ.

3. Kò gbọ́dọ̀ àti kò pọn dandan

Àṣìṣe tó burú jù kò sí nínú ọ̀rọ̀-orúkọ. Inú gírámà ló wà. Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1a) Ẹni tó ń lo Wi-Fi kò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.
(1b) Kò pọn dandan kí ẹni tó ń lo Wi-Fi gba ìwé àṣẹ.

Òfin fẹ́ sọ (1b). Ṣùgbọ́n ẹni tó ń túmọ̀ láti èdè Faransé, tó mọ̀ pé *doit* ni "gbọ́dọ̀", lè fi "kò" síwájú rẹ̀ kí ó sì bọ́ sí (1a), tó ka gbígba ìwé léèwọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyísódì "kò" ṣáájú "gbọ́dọ̀" nínú gbólóhùn, nínú ìtumọ̀ abẹ́ "gbọ́dọ̀" ló wà: ọ̀ranyàn ṣì dúró, ìṣe ni a yí sódì. Èdè Faransé ní ìṣòro yìí nínú *ne doit pas*, ó sì ń fi *n'a pas à* yọ ara rẹ̀. Yorùbá náà ní ọ̀nà àbáyọ, (1b), ṣùgbọ́n gbólóhùn gígùn ni, ẹni tó ń kánjú níwájú máíkìrófóònù lè fò ó.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "gba" tún dá ìdàrúdàpọ̀ mìíràn sílẹ̀. Àkọlé kan wà tí òfin Amẹ́ríkà mú kí a máa kọ sára ẹ̀rọ tàbí sínú ìwé rẹ̀: ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ fa ìdíwọ́ tó ń pani lára, ó sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ìdíwọ́ tó bá dé bá a. Tí a bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà "gbọ́dọ̀ gba ìdíwọ́", olùkàwé lè rò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti máa wá ìdíwọ́ kiri. "Fara dà" ló tọ́.

4. Ẹ̀tọ́ àti àyè

Ní ọdún 1913, Wesley Hohfeld, amòfin ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ohun tí àwọn amòfin ń pè ní ẹ̀tọ́ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀tọ́ gidi máa ń di ojúṣe lé ẹlòmíràn lórí. Àyè ní tirẹ̀ kàn túmọ̀ sí pé n kò ṣẹ̀ tí mo bá ṣe nǹkan. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún mi. Ìyàtọ̀ yìí ni ọkàn òfin ìgbì. Rédíò tó níwèé lórí FM ní ẹ̀tọ́: tí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì rẹ̀, ó lè fẹjọ́ sùn, alábòójútó sì gbọ́dọ̀ dá sí i. Ó sì ní ojúṣe: kí ó dúró lórí ìkànnì rẹ̀, kí ó má kọjá agbára tí a fún un, kí ó tẹ̀lé àdéhùn tó bá HAAC ṣe. Oníṣọ́ọ̀bù Bantè ní àyè nìkan. Tí Wi-Fi aládùúgbò bá ń dí tirẹ̀ lọ́wọ́, kò lẹ́nìkan láti pè lẹ́jọ́. Tí òun bá sì ń dí ẹni tó níwèé lọ́wọ́, òun ni yóò pa ẹ̀rọ.

Gbólóhùn bíi "O lè lo ìgbì yìí" kò fi èyí hàn. "Lè" ń gbé agbára, ìyọ̀ǹda àti ìṣeéṣe pọ̀. Ìtumọ̀ tó péye gbọ́dọ̀ sọ apá kejì: "O láyè láti lò ó, ṣùgbọ́n o kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé ẹlòmíràn kúrò níbẹ̀." Àwọn tó ń sọ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa lórí ilẹ̀: oko ní olóko, ọ̀nà oko kò lólóko, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbin iṣu sójú ọ̀nà.

Ewu wà nínú kí a rò pé gbogbo ìgbì dà bí ọ̀nà. FM kò ṣí sílẹ̀. Ó parí sí 108 MHz, ibẹ̀ gan-an sì ni ìgbì tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń mọ ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ FM tí a kò yẹ̀ wò sọ̀rọ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé "ìgbì ti di ọ̀fẹ́" lè fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu. Bákan náà, pé ìgbì Wi-Fi ṣí sílẹ̀ kò sọ pé títa íntánẹ́ẹ̀tì fún aráàlú ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìgbì, òfin sì lè béèrè ohun mìíràn lórí rẹ̀.

5. Ohun tí mo dábàá

Àṣà ṣíṣe èdè-ìperí tí Bamgboṣe àti Awobuluyi darí ní Nàìjíríà ti sin ẹ̀ka wa dáadáa. Láìsí i, a kò ní lè kọ́ fóníìmù àti mọ́fíìmù ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n fóníìmù jẹ́ nǹkan. Ìwé àṣẹ jẹ́ àjọṣe láàárín ènìyàn. Orúkọ nìkan kò tó fún àjọṣe: gbólóhùn tó ń sọ ẹni tó jẹ ta ní gbèsè ojúṣe gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Mo dábàá "ìgbì àdálò" fún èyí tó níwèé, àti "ìgbì àjọlò" fún èyí tó ṣí sílẹ̀. A ti ní àdáni àti àjọni. Mo fi "lò" rọ́pò "ní" nítorí pé kò sẹ́ni tó ni ìgbì. Òfin ìdásílẹ̀ ITU pàápàá pè é ní ohun àlùmọ́ọ́nì tó níwọ̀n. Rédíò tó ń sọ pé "ìkànnì wa" ń sọ ohun tí ó ń lò fún àkókò ìwé rẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí ó ni. Orúkọ méjèèjì sọ ohun tó wà, wọn kò sọ ohun tí kò sí. "Àjọlò" sì ń rán ènìyàn létí pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé Yorùbá ìwé ni èyí. Òótọ́ ni. Ìcà ni wọ́n ń sọ ní Bantè. Mahi, tí kì í ṣe ọmọ ìyá Yorùbá, ló gbilẹ̀ ní Savalou. Ó ṣeé ṣe kí "àjọlò" wọ Ìcà. Kò lè wọ Mahi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé àlàyé ṣáájú orúkọ. Abala 11 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990 fún gbogbo ẹ̀yà Bẹ̀nẹ̀ ní òmìnira láti lo èdè wọn. Òmìnira yẹn ní tirẹ̀ sún mọ́ àyè ju ẹ̀tọ́ lọ, nítorí kò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ túmọ̀ òfin sí èdè náà. Títí a ó fi rí ẹni náà, àwọn akéde inú rédíò ìbílẹ̀ ni atúmọ̀ òfin. Ìrànlọ́wọ́ tí ẹ̀ka wa lè kọ́kọ́ ṣe fún wọn ni kí a fi gbólóhùn (1b) lé wọn lọ́wọ́, kí a sì ṣàlàyé ìdí tí (1a) kò fi ṣeé lò.