Ọ̀nà Inú Kóòdù

Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò ni kí n máa la ọ̀nà sínú kóòdù fún àwọn tó fẹ́ kà á. Àwọn ẹlòmíràn ló ń kọ ètò tí ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ epo ń lò níhìn-ín ní Houston. Tèmi ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo kóòdù náà. Èmi ni mo ń fi ohun tí wọn yóò fi wá nǹkan kún un, àti ohun tí yóò máa mú wọn ti ibì kan dé ibòmíràn. Bí wọ́n bá gbé ètò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà lé ẹnì kan lọ́wọ́, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kíkà ni yóò kọ́kọ́ kà, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn ní ìlú yìí. Ní Yunifásítì Rice ni Matthias Felleisen àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Robby Findler pẹ̀lú wọn, ti bẹ̀rẹ̀ DrScheme ní 1995, irinṣẹ́ ìkọ ètò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Check Syntax. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, tí o gbé ìtọ́ka máòsì lé orúkọ kan, ọfà yóò yọ láti ibi tí wọ́n ti sọ orúkọ náà lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti lò ó. O lè tẹ̀lé ọfà náà padà sí orísun. O lè pa orúkọ náà dà, kí gbogbo ibi tó jẹ́ tirẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 2010, DrRacket ló ń jẹ́, àwọn ọfà náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọfà wọ̀nyẹn kì í wo lẹ́tà nìkan, òun ni mo ṣe fẹ́ràn wọn. Bí o bá pe Táíwò nínú agboolé ńlá, èèyàn mẹ́ta lè dá ọ lóhùn. Ẹni tó mọ ìdílé ló mọ Táíwò tí ò ń pè. Orúkọ bíi “total” lè wà ní ogún ibi nínú ètò kan, kí wọ́n má sì bá ara wọn tan. DrRacket kì í méfò: ó máa ń jẹ́ kí èdè tí wọ́n fi kọ ètò náà fúnra rẹ̀ tú u palẹ̀ ná, kó tó so orúkọ mọ́ orísun.

Wíwá lẹ́tà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní 2006 ni Google gbé Code Search, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú kóòdù, jáde, wọ́n sì pa á tì ní 2012, ọdún tí Russ Cox tó kọ ọ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ti gé gbogbo kóòdù sí lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta sílẹ̀: “total” á di “tot”, “ota” àti “tal”. Àtòjọ kan á máa sọ àwọn fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí o bá wá “total”, fáìlì tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò ṣí wò. Ìdí nìyẹn tí èsì fi ń dé kí o tó ṣẹ́jú pẹ́.

Ọ̀nà àbọ̀ ni mo máa ń fara balẹ̀ ṣe jù. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú Vim, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, Ctrl àti ] ló ń gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti sọ orúkọ, Ctrl àti T ló sì ń dá ọ padà. Òǹkàwé tó mọ̀ pé òun yóò rí ọ̀nà padà kì í bẹ̀rù àtiwọlé jìnnà.

Àwọn èdè kan wà, bíi Python, tí a kì í mọ ìdí orúkọ mìíràn àfi tí ètò náà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú irinṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín: níbi tí kò bá ti dá ẹ̀rọ lójú, ẹ jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀, kó to gbogbo èyí tó lè jẹ́ kalẹ̀, kí òǹkàwé fojú ara rẹ̀ yàn. Ẹni tí ọfà wa bá ṣì lọ́nà lẹ́ẹ̀kan kò ní gbà á gbọ́ mọ́, kódà nígbà tó bá tọ̀nà.