Òǹkà Ìlà, Òǹkà Ebè

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹni tí ó bá di òwe yìí mú láìyẹ̀ ẹ́ wò yóò bá Frederick Brooks jà. Òun ni ó ṣe olórí iṣẹ́ OS/360, ètò kọ̀ǹpútà ńlá tí iléeṣẹ́ IBM ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969. Iṣẹ́ náà pẹ́ kọjá àdéhùn. Nínú ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, tí ó jáde ní ọdún 1975, ó ní bí iṣẹ́ irú èyí bá ti pẹ́, fífi òṣìṣẹ́ kún un yóò túbọ̀ mú un pẹ́ ni.

Ǹjẹ́ ó já òwe wa nírọ́? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àáró. Bí ènìyàn 20 bá jọ ń kọ ebè, oníkálukú ni ó mú poro tirẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ebè ti ka iṣẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹnì kan kọ gbọ́dọ̀ bá ti ẹnì kejì mu. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 5, méjì-méjì tí ó ní láti gbọ́ ara wọn yé jẹ́ 10. Bí wọ́n bá di 10, ó di 45. Àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ yóò sì tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti kọ́ àlejò. Brooks là á yé wa pé a kò lè fi ènìyàn ṣe pàṣípààrọ̀ oṣù.

Ibi tí èmi àti òun ti yapa ni irú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó fara mọ́, èyí tí ó gbà lọ́wọ́ Harlan Mills: bíi ti dókítà oníṣẹ́-abẹ, ọ̀gá kan ni yóò máa gé, àwọn yòókù yóò máa ràn án lọ́wọ́. Ó mú kí iṣẹ́ ṣọ̀kan, mo gbà. Brooks sì ka ojúṣe àwọn olùrànlọ́wọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wo ni a ó fi wọn iṣẹ́ ẹni tí ó rí àṣìṣe, tàbí ti ẹni tí ó gé àṣerégèé kúrò?

Andy Hertzfeld sọ ìtàn kan nípa iléeṣẹ́ Apple. Ní ọdún 1982, àwọn alábòójútó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Lisa ní kí oníkálukú máa kọ iye ìlà tí ó ṣe lọ́sẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Bill Atkinson ṣẹ̀ṣẹ̀ tún apá kan kọ ni. Ó yára tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀, ó sì fi nǹkan bí ìlà 2,000 kúrú sí i. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun yọ 2,000 kúrò. Kò pẹ́ tí wọn kò fi béèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. A máa ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n Atkinson ti lórúkọ kí ó tó kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ owó oṣù rẹ̀ kò ní fara gbá a?

Èmi pàápàá jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń béèrè ojú-ìwé 15 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí mo sì ń gbà á, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tilẹ̀ ju ojú-ìwé 5 lọ. Ọ̀kan mú 6 wá. Mo yọ máàkì rẹ̀ kí n tó kà á tán. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí: èmi tí mo ń kọ́ wọn ní òwe náà ni mo fìyà jẹ ẹni tí ó lò ó.