Ilé Àwọn Erin Abirùn ní Chiang Mai

Àjànàkú, a-mi-igbó-kìjikìji, kọjá 'mo rí nǹkan fìrí'. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Thailand fi òfin de gígé igi gẹdú nínú igbó lọ́dún 1989, ọ̀pọ̀ erin tí ó ti fi ọjọ́ ayé wọ́ gẹdú di ohun tí a kò kà sí mọ́. Irú wọn ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Sangduen Chailert ń gbà sí ọgbà Elephant Nature Park ní Chiang Mai, àti afọ́jú, àti arọ, àti èyí tí àdó olóró abẹ́ ilẹ̀ bà lẹ́sẹ̀ jẹ́, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Ìgbà mẹ́fà ni erin ń hu eyín tí ó fi ń lọ oúnjẹ. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá gbó tán, ebi ni yóò pa á láàárín koríko tútù, àfi bí ọwọ́ ènìyàn bá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó pò ó mọ́ ìrẹsì sísè, tí ó sì mọ ọ́n ní róbótó fún un. Ọlọ́run ní í bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin, ọwọ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà náà ni Ó sì ń lò níbẹ̀.

Jokia ńkọ́, erin tí wọ́n fọ́ lójú nítorí pé ó kọ iṣẹ́ lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀? Mae Perm, àgbà erin, fi ọwọ́jà kàn án lọ́jọ́ tí ó dé ọgbà náà, ó sì di ojú fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olùtọ́jú kò yà wọ́n rárá, ọgbọ́n ńlá sì ni mo ka èyí sí.