Oyè Tó Ti Ọwọ́ Ọkọ Wá

Tí ọkùnrin bá di pásítọ̀ àgbà lónìí, ìyàwó rẹ̀ ti di Mọ́mì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi obìnrin náà bóyá ó gbọ́ ìpè kankan. Nínú Ìjọ Áńgílíkà ní Nàìjíríà, níbi tí wọn kì í ti í fi obìnrin jẹ àlùfáà, ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù ló máa ń jẹ́ ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní dáyósíìsì ọkọ rẹ̀. Ẹlòmíì lè ti sin ẹgbẹ́ yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, kó mọ gbogbo opó inú rẹ̀ lórúkọ. Bí kò bá ti fẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, kò lè dé orí àga yẹn.

Wọ́n á ní àṣà Yorùbá ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Nígbà tí Ẹ̀gbá fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde ní 1864, wọn ò wo ojú ọkọ kankan. Òwò rẹ̀ ni wọ́n wò, àti ipa tó kó nínú ogun tí Dahomey gbé wá bá Abẹ́òkúta. "Ìyá" inú oyè yẹn, àṣẹ ló dúró fún. "Mọ́mì" inú ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó Dádì ló túmọ̀ sí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní oṣù kẹfà 1925, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, tí kò sì tíì lọ́kọ, rí ìran l'Ékòó nígbà tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe ọdún Corpus Christi. Ó wà nínú ìran náà títí wọ́n fi pe Mósè Orímóládé wá gbàdúrà fún un. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Captain ni wọ́n ń pe Abíọ́dún. Nígbà tó wá lọ́kọ, tí orúkọ Emmanuel kún orúkọ rẹ̀, Captain náà ló ṣì ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ìtàn yìí. A ó ní Orímóládé gbàdúrà, ọmọbìnrin kan jí, ìjọ sì bẹ̀rẹ̀. Abíọ́dún wá di aláìsàn inú ìtàn ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìran tiẹ̀ làwọn èèyàn ń rọ́ wá gbọ́, òun náà ló sì ṣáájú àwọn tó rìnrìn àjò ìwàásù káàkiri ìlú Yorùbá kí òun àti Orímóládé tó pínyà ní 1929. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìjọ yẹn, obìnrin kò gbọdọ̀ dé ibi pẹpẹ.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Mọ́mì yìí ni ohun tó ń ṣe sí ìgbéyàwó. Bí ọkọ bá ń na obìnrin yẹn, ta ló fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Tó bá kó jáde, ilé lọ, oyè lọ, iṣẹ́ lọ, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò fẹ́ ṣe Mọ́mì rárá ńkọ́, tó kàn fẹ́ ṣe iṣẹ́ báńkì rẹ̀ jẹ́jẹ́? Wọ́n á ní kò ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Lóòótọ́, àwọn kan wà tó gba ọ̀nà yìí wọlé, tí wọ́n sì ṣe bẹbẹ. Nígbà tí Benson Idahosa kú ní 1998, Margaret ìyàwó rẹ̀ ló gba ìjọ wọn ní Benin, ó sì di ashíbíṣọ́ọ̀bù. Mi ò bá a jà. Ohun tí mò ń bi ni pé, ẹni tó ní irú ẹ̀bùn yẹn, tí kò ní irú ọkọ yẹn, ibo ni kó gbà?

Nínú Bíbélì, orúkọ lásán la mọ̀ nípa Lápídótì, ọkọ Dèbórà. Kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni Ísírẹ́lì fi ń gbé ẹjọ́ wá sábẹ́ igi ọ̀pẹ. Ìjọ tó bá fẹ́ olórí àwọn obìnrin, kí ó jẹ́ kí àwọn obìnrin yàn án. Bó bá sì jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ ni wọ́n yàn, a jẹ́ pé ó tọ́ sí i.