Ìjókòó Òdo

Tọ́rọ́ kan ló kó bá mi. Ọdún 1973 ni, mo wà ní kíláàsì karùn-ún n'Ìbàdàn. Ọjọ́ kìíní ọdún yẹn gan-an ni náírà àti kọ́bọ̀ gbapò lọ́wọ́ pọ́n-ùn àti ṣílè, àmọ́ ìyá mi ṣì ń fi tọ́rọ́ ṣírò iyọ̀ lọ́jà. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Tọ́rọ́, tí mẹ́rin rẹ̀ ń jẹ́ ṣílè kan, wá di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀. Tíṣà wa kọ 2.5 sójú pátákó, ó ní ká fi ọgọ́rùn-ún pín in, ká mọ iye tó jẹ́ ní náírà. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní 0.25.

Kò nà mí. Ẹ̀rín ló rín. "Kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lo fún mi lórí tọ́rọ́ kan yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ ni màá ti máa ṣẹ́ owó láti òní lọ."

Ó wá to àga mẹ́rin síwájú, ó kọjú wọn sí pátákó. Tíṣà mìíràn a máa kọ ojú àga sí kíláàsì, kò ní rántí pé ọ̀tún ẹni tó jókòó ni òsì ẹni tó ń wò ó, gbogbo ẹ̀kọ́ a sì dojú rú. Àga kìíní ni ti ẹyọ. Ó gbé òkúta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni póìntì. Lẹ́yìn òkúta ni ìdá mẹ́wàá, ìdá ọgọ́rùn-ún, ìdá ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó di páálí tí a kọ 2 sí mú jókòó sórí ẹyọ, ẹni tó di ti 5 mú jókòó sórí ìdá mẹ́wàá.

"Òkúta kì í rìn," ló wí. "Àwọn ọmọ ló ń rìn. Ọgọ́rùn-ún la fi pín in, kí kálukú sún sápá ọ̀tún nígbà méjì."

Wọ́n dìde, wọ́n sún. 2 balẹ̀ sórí ìdá ọgọ́rùn-ún, 5 sórí ìdá ẹgbẹ̀rún. Àga méjì ṣófo, ọ̀kan níwájú òkúta, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ọmọ kan sí ti iwájú, ó fún un ní òdo. Ó fún èmi náà ní òdo, ó ní kí n lọ jókòó sórí ìdá mẹ́wàá. Mo rò pé ìyà ni. Àṣé èmi gan-an ni ìdáhùn náà gbára lé! Bí mo bá dìde tí 2 àti 5 sún wọlé, tọ́rọ́ ti di kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyẹn. Mo rántí bí páálí yẹn ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ohun tó ń bí mi nínú lónìí, tí èmi náà ti di tíṣà, ni àwọn tó ń kọ́ ọmọ pé, "Ka òdo, kó o fo póìntì." Síbo? Ọmọ á fò ó sápá ọ̀tún. Bí o bá tún ní kó fi ẹgbẹ̀rún pín 40, á máa wá póìntì kiri, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀yìn òdo 40 ló wà, tí a kàn kì í kọ ọ́. Kákúlétọ̀ wá ńkọ́? Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tẹ 3.7 sínú rẹ̀, ó fi 1000 pín in, ẹ̀rọ náà gbé 3.7×10⁻³ wá. Ó ní, "Sà, ó ti bàjẹ́." Kò bàjẹ́. 0.0037 ló ń wí, àmọ́ ọmọ náà kò tíì rí ibi tí 3 jókòó sí rí.

Ní oṣù tó kọjá, mo to àga mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ọmọ tó jókòó sí ìdá mẹ́wàá fẹ́ lọ mu omi, ó dìde. Kí n tó lanu, gbogbo kíláàsì ti pariwo: "Jókòó! Wọ́n ti ń bọ̀!"