'Ìjerò ni' àti 'Kò lọ': Ibi tí Fífo Ọ̀rọ̀ Dá Parí sí Nínú Gbólóhùn Yorùbá

Ó rọrùn fún olùṣèwádìí gírámà láti pe gbogbo àlàfo inú gbólóhùn Yorùbá ní fífo ọ̀rọ̀ dá. Àwọn onígírámà Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàlàyé èrò náà. Halliday àti Hasan (1976) kà á sí ìrọ́pò tí a kò fi ọ̀rọ̀ kankan rọ́pò. Quirk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1985) fi kún un pé ohun tí a fò gbọ́dọ̀ ṣeé dá padà. Òṣùwọ̀n kejì yìí wúlò fún Yorùbá, bí a bá lò ó dé òpin.

Bí wọ́n bá bi àlejò ní Àrámọkọ pé, 'Níbo lẹ ti wá?', ó lè dáhùn pé, 'Ìjerò ni.' Ìyókù ṣeé dá padà lódindi: 'Ìjerò ni mo ti wá.' Ó tún lè ní, 'Ìjerò ni mo ti wá, kì í ṣe Ẹ̀fọ̀n.' Fífo ọ̀rọ̀ dá gidi nìyí. Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ló gbà á láyè.

Asèrànwọ́-ìṣe kò gbà á. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè dúró sórí *can*. Ní Yorùbá, 'Adé lè wá, Olú náà lè' kò pé. Dandan ni kí 'wá' tún padà wá. Bákan náà ni 'Adé ra iṣu, Olú ẹ̀wà' kò jẹ́ gbólóhùn.

'Kò lọ' ló díjú jù. Bí 'ó' bá jẹ́ ohun tí a fò, ó yẹ kó ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò kò gba 'ó kò lọ'. 'Òun kò lọ' tọ̀nà, àmọ́ arọ́pò mìíràn ni 'òun'. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì tún la ọ̀ràn náà sí i: 'ó dé' ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n 'ọ́ lọ', torí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń darí arọ́pò náà. Ohun tó so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó báyìí kì í ṣe ohun tí olùsọ̀rọ̀ ń mú tàbí ń fi sílẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ka òfin èdè sí yíyàn olùsọ̀rọ̀. Òwe ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. 'Ìjerò ni' jẹ́ irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀. 'Kò lọ' ti jẹ́ odidi kó tó kúrò lẹ́nu.