Ọwọ́ Tó Ya Igbó Root

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹ mọ́ Root lára, eré orí pátákó tí ilé iṣẹ́ Leder Games ti Amẹ́ríkà gbé lọ sórí Kickstarter ní ọdún 2017, níbi tí àwọn tí kò tíì fọwọ́ kan pátákó rẹ̀ rí ti dáwó jọ fún un kí ó tó jáde ní 2018, nítorí pé àwòrán Kyle Ferrin, ayàwòrán eré náà, ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wo ológbò, ẹkùn inú ilé, tí wọ́n gé láti ara igi, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn, tó ranjú kankan. Ẹ wo ẹyẹ aláwọ̀ búlúù tó fajú ro bí ọba tí wọ́n gbalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́: nígbà tí ológbò bá kọ́lé sínú igbó inú eré náà, tí eléré sì ṣí ilé náà kúrò lórí pátákó tirẹ̀, iye àmì tó jẹ ni yóò hàn lábẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ìwé òfin. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ayàwòrán ló kọ́kọ́ pe àwọn ọwọ́ yòókù jọ. Ó yẹ ká kan sáárá sí i.